Ọ̀nà Tó Kọjá Níwájú Ilé Ògúnṣínà

Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará ibẹ̀ tóbi ju ìlú náà lọ. Bí ewúrẹ́ bá bímọ lápá òkè, kí ọmọ ewúrẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ti mọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti ń jiyàn lórí òbúkọ tó ni ín. Ìlú tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ti ń rí báyìí, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ oyè yóò ti rí níbẹ̀. Nígbà tí Baálẹ̀ wọn darúgbó kùjọ́kùjọ́, tí ó sùn tí kò jí mọ́, wọ́n sunkún rẹ̀ bí ó ti yẹ, wọ́n sì sin ín bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n kí omijé tó gbẹ lójú, ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni méjì ló dìde sí oyè náà. Ọ̀kan ni Olúgbọ̀dé, tí ó lówó, tí ó sì mọ̀ pé òun lówó. Èkejì ni Oyèékàn, àgbẹ̀ oníṣu, ẹni jẹ́jẹ́ tí í ro ọ̀rọ̀ títí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yóò fi gbàgbé ohun tó bi í. Àwọn tó fẹ́ràn Oyèékàn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní owó tí wọ́n lè fi pariwo ìfẹ́ náà.

Àṣà ìlú náà ni pé ẹnìkan kì í dá du oyè Baálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò jẹ Ọ̀tún rẹ̀, ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ bí òun kò bá sí nílé, tí yóò sì máa dì í mú bí inú bá ń bí i. Àwọn àgbà ìlú á wo àwọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó pinnu, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí èèyàn bá fà mọ́ra ni í fi irú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ hàn. Olùdíje kì í sì fi ẹnu sọ ẹni tí ó yàn. Ọkọ́ ni í fi í sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a bá dá fún un, yóò gbé ọkọ́ àti àdá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tuntun láti ẹnu ilé tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ ọ̀nà àtijọ́, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà náà yóò fi dé ẹnu ilé ẹni tí ọkàn rẹ̀ mú. Ìyàwó ilé náà ni yóò bu omi fún un mu. Bí ó bá ti mu omi náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kan àtàrí kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, ó pàdánù oyè náà nìyẹn.

Èèwọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ran olùdíje lọ́wọ́ láti la ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá a dá ọkọ́ lé e kò lè jẹ Ọ̀tún mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn ló fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òógùn ra oyè. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ran olùdíje lọ́wọ́. Àwọn tó fẹ́ oyè kò jẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́, àwọn tí kò sì fẹ́ ẹ kò rí ìdí tí àwọn fi ní láti làágùn.

Olúgbọ̀dé ló kọ́kọ́ la tirẹ̀. Ọ̀nà náà gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ sí ilé àna rẹ̀, ọgbà kan ṣoṣo ló sì là wọ́n láàárín. Ó ti parí iṣẹ́ kí ẹ̀kọ àárọ̀ tó tutù. Àwọn kan ní ó gbọ́n, àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n wá dá ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ fún Oyèékàn.

Ìgbà yìí ni àwọn aláròjinlẹ̀ ìlú wá rí iṣẹ́ ṣe. Bí Oyèékàn bá kí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní òun ni. Bí kò bá kí onítọ̀hún rárá, wọ́n á ní ńṣe ló ń fi í pamọ́. Ó ra òbì lọ́wọ́ Fágbohùn, ọlọ́jà òbì, ni àwọn àgbà tó ń jókòó lábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́ bá ní ọ̀rọ̀ ti yanjú: Fágbohùn lówó, òun ló lè bá Olúgbọ̀dé figa gbága. Lọ́jọ́ kejì Oyèékàn ní òbì náà kò gbó, wọ́n sì yọ Fágbohùn kúrò. Ó sín nígbà tó ń kọjá níwájú ilé alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ sì sùn sórí ìrètí mọ́jú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ síwá tí wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹnìkan náà ni gbogbo wọn ń padà sí. Ẹni náà ni Ògúnṣínà.

Ta ni kò mọ̀ pé Oyèékàn àti Ògúnṣínà jọ dàgbà ni? Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, Oyèékàn já bọ́ láti orí igi agbálùmọ̀ lóko, èjìká ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Ògúnṣínà ló pọ̀n ọ́n láti oko wálé, bẹ́ẹ̀ wọn kò ju ara wọn lọ. Èjìká náà san, ṣùgbọ́n kò padà sípò rẹ̀ dáadáa. Bí Oyèékàn bá ti lo ọwọ́ náà pẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jọ ṣe ohun gbogbo. Bàbá Ògúnṣínà pàápàá ti jẹ Ọ̀tún rí, àpótí tí ó ń jókòó lé ṣì wà nínú iyàrá ọmọ rẹ̀ títí di ìgbà tí à ń wí yìí. Ìyàwó Ògúnṣínà, Àwẹ̀ró, máa ń fi epo nù ún kí ó má baà sán.

Ohun tí àwọn ará ìlú kò mọ̀ ni ìdí tí Ògúnṣínà fi fẹ́ oyè náà tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró bí fún un, ọmọ náà kò sì dúró. Òmíràn kò tẹ̀lé e. Àwọn ẹbí ní kí ó fẹ́ ìyàwó kejì, ó ní Àwẹ̀ró tó òun, ó sì sọ ọ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi tún dábàá rẹ̀ mọ́. Àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ nínú ìfẹ́, wọn kò sì jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n Ògúnṣínà ń ro ó. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìjẹṣu, gbogbo ìlú máa ń péjọ, wọ́n á sì pe orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ Ọ̀tún láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan iṣu tuntun. Bí orúkọ òun bá wà láàárín wọn, àwọn ọmọ ọlọ́mọ yóò máa pè é nígbà tí òun bá ti kú. Bí kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò pè é?

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọ̀nà, Oyèékàn yà sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró sun iṣu fún wọn, ó gbé epo tì í, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n jẹun díẹ̀. Oyèékàn wá béèrè lójijì pé bí ìlú Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ bá máa tú lọ́jọ́ kan, ibo ni yóò ti kọ́kọ́ ya?

Ògúnṣínà kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Òkè-Odò ni. Àwọn ará Òkè-Odò yìí, ogun ló lé àwọn bàbá wọn dé, ìlú sì fún wọn nílẹ̀ ní òdìkejì odò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dáko níbẹ̀, tí wọ́n ń san owó òde, tí wọ́n ń bá wọn tún ọjà ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ń pè sí ìgbìmọ̀. Olúgbọ̀dé sì ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé bí òun bá jẹ Baálẹ̀, ilẹ̀ náà yóò padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

"Ẹni tí kò bá lẹ́nu nínú ilé kì í pẹ́ kó ẹrù rẹ̀," ni Ògúnṣínà wí. "Bí mo bá jẹ́ ìwọ, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ tún ṣe."

Oyèékàn wo iṣu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí mo bá wá ṣe ohun tó bà ọ́ nínú jẹ́ ńkọ́?"

Ògúnṣínà rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ tí mo ti pọ̀n ọ́ kúrò lábẹ́ igi agbálùmọ̀ ni ẹ̀yìn ti ń ro mí, n kò sì bá ọ jà. Jẹ iṣu rẹ."

Ó rò pé wàhálà oyè ni ọ̀rẹ́ òun ń kìlọ̀ rẹ̀ fún òun. Nígbà tí Oyèékàn dìde, ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bàbá Ògúnṣínà. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Obìnrin kan tó ń kọjá lójúde rí i gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Kí Oyèékàn tó dé ilé rẹ̀, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀: ó ti fọwọ́ kan àpótí, Ògúnṣínà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àwẹ̀ró lọ pọn omi ní orísun abẹ́ àpáta, níbi tí omi ti máa ń tutù nini, ó sì bù ú sínú orù tuntun tí ó ti rà sílẹ̀ láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Ó gbá ojúde. Ó tún padà gbá a. Nígbà tí ó rí i pé Ògúnṣínà ń rìn síwá sẹ́yìn nínú iyàrá, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Baálé mi, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín fò jù. Bí ó bá dé, ẹ ó yọ̀. Bí kò bá dé, èmi ṣì wà níbí."

"Àwẹ̀ró," ni ọkọ rẹ̀ wí, "ta ló tún kù?"

Ilẹ̀ mọ́. Ìlú ti jáde, tọmọdé tàgbà, wọ́n dúró kiri bí ẹni ń wo ìran. Oyèékàn bọ́ síta pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Ó kí ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, koríko ti dìde, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rọ̀, ọkọ́ sì ń wọlé. Kò pẹ́ tí ó fi hàn gbangba pé apá ilé Ògúnṣínà ló dorí kọ. Ọ̀nà náà ń bọ̀ gbọọrọ bí okùn tí a fà. Àwọn kan ti ń kí Ògúnṣínà ní Ọ̀tún, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ní sùúrù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò lè pa dé dáadáa nítorí ẹ̀rín. Fágbohùn pàápàá wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwẹ̀ró gbé orù rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé igbá lé e lórí.

Ọ̀nà dé etí ojúde wọn. Ó kù díẹ̀ kí erùpẹ̀ ọkọ́ fọ́n dé ẹsẹ̀ Ògúnṣínà. Oyèékàn nàró, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ojú sókè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Èèwọ̀ di ẹnu rẹ̀, kò lè sọ ohunkóhun. Ó wò ó bẹ́ẹ̀, ó wá tẹríba, ó yí ara rẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀, ó sì gbé ọkọ́.

Ọ̀nà náà gba iwájú ilé Ògúnṣínà kọjá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan nínú àwọn èèyàn Olúgbọ̀dé bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ọjà ẹnu sì tú padà: ibo ló ń lọ, ta ló wà lápá ibẹ̀, ṣé orí rẹ̀ kò ti dàrú? Àwọn tó kí Ògúnṣínà ní Ọ̀tún kò wo ojú rẹ̀ mọ́.

Ògúnṣínà wọlé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sún mọ́ àpótí bàbá rẹ̀. Ojú tì í, ó sì dùn ún, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Àwẹ̀ró wá jókòó tì í. Ó ṣáà fi èjìká rẹ̀ ti èjìká ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó yá ó béèrè pé, "Apá ibo ló dorí kọ?"

"Apá odò."

"Àwọn wo ló wà lódìkejì odò, baálé mi?"

Ògúnṣínà yíjú sí i.

"Kí lẹ sọ fún un lánàá," ni Àwẹ̀ró wí jẹ́jẹ́, "nígbà tí ẹ̀ ń jẹ iṣu?"

Ògúnṣínà rántí bí Oyèékàn ti wo iṣu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó rántí ìbéèrè tó tẹ̀lé e, àti ẹ̀rín tí òun fi dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò já a kulẹ̀. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ló gbà. Òun fúnra òun ló fi ẹnu ara òun la ọ̀nà náà, òun ló gbà á kọjá níwájú ilé òun. Ó dùn ún síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé bí ọ̀rọ̀ bá ti yé èèyàn, kì í dùn ún mọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò mọ ẹni tí yóò bínú sí mọ́.

Láti ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ń gbọ́ ìró ọkọ́. Ògúnṣínà mọ ìró ọkọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ó ti mọ ohùn rẹ̀, wọ́n ti jọ kọ ebè ju bí ó ti lè kà lọ. Ó gbọ́ nígbà tí ó rékọjá odò. Ó gbọ́ nígbà tí ó wọ inú èèsún àti igbó ẹ̀gún tó wà ní bèbè òdìkejì, tí ẹnikẹ́ni kò ro rí. Ìró náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ó dún, ó dákẹ́. Ó tún dún, ó dákẹ́ pẹ́. Àwọn èèyàn Olúgbọ̀dé sì ń rẹ́rìn-ín sókè sí i, wọ́n ń nawọ́ sí oòrùn.

Ògúnṣínà dìde, ó fa ọkọ́ yọ lájà.

Àwẹ̀ró dìde pẹ̀lú. "Ẹ mọ ohun tí ọkọ́ yẹn máa gbà lọ́wọ́ yín."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Orúkọ yín ni, baálé mi. Títí láé ni." Bí ó ti sọ ọ́ báyìí ni Ògúnṣínà mọ̀ pé ìyàwó òun ti mọ ohun tí òun ń rò láti ọdún wọ̀nyí wá.

Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Àwẹ̀ró, èjìká rẹ̀ ń ro ó."

Ó jáde. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìjà ló ń lọ jà, àwọn kan sì sáré tẹ̀ lé e kí wọ́n má baà pàdánù rẹ̀. Fágbohùn pàdé rẹ̀ létí odò, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ro ara rẹ̀. Ó ní Baálẹ̀ kì í wà títí láé, bóyá ìgbà mìíràn ọ̀nà yóò wá sí ilé rẹ̀. Ògúnṣínà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ́ odò kọjá.

Oyèékàn ti kúnlẹ̀ láàárín ẹ̀gún. Ọwọ́ òsì ló fi ń fa àdá, ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mi orí pé rárá. Ó tún mi orí. Ògúnṣínà kò wo ojú rẹ̀, ó gbé ọkọ́ sókè, ó sì dá a lé ilẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Omijé ń dà lójú Oyèékàn. Ògúnṣínà ń ge gbòǹgbò, Oyèékàn ń fa koríko tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn kò tíì jọ ṣiṣẹ́ báyìí láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́. Lẹ́yìn wọn, ní orí ọ̀nà tí wọ́n ti là, Àwẹ̀ró ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ru orù omi rẹ̀.

Àwọn ará Òkè-Odò kò tilẹ̀ wá wòran láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ Ọ̀tún kò kàn wọ́n. Mákànjúọlá, tí wọ́n fi ṣe àgbà wọn nítorí sùúrù rẹ̀, ń hun apẹ̀rẹ̀ níwájú ilé nígbà tí ó gbọ́ ìró ọkọ́ àti ìró àdá nínú igbó, tí ó sì rí èrò lẹ́yìn wọn. Ohun tí ẹni tí a ti ń halẹ̀ mọ́ tipẹ́ máa ń rò ló rò. Ó ní ọjọ́ náà ti dé. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Bí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti gé ẹ̀gún ìkẹyìn tí wọ́n yọ sójúde, Mákànjúọlá dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

"Ẹ̀yin àgbà," ni ó wí, "ẹ ṣáà jẹ́ ká wa iṣu tó wà nílẹ̀ kí á tó máa lọ."

Oyèékàn la ẹnu, ó rántí èèwọ̀, ó pa á dé. Ó bojú wo ọ̀run: oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí. Gbogbo èrò dúró. Ògúnṣínà wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ náà, ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ti ń ká ẹní nínú ilé, gbogbo ìbànújẹ́ tirẹ̀ sì kéré lójú ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á dìde.

"Kò sẹ́ni tó ń lé yín," ni ó wí. "Ọ̀nà Ọ̀tún nìyí. Ọ̀dọ̀ rẹ ló wá."

Mákànjúọlá kò gbàgbọ́. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó mú ẹrù tí ó dì lọ́wọ́, ó ń wo ojú kan dé òmíràn. Kò sí omi nílé wọn, nítorí wọn kò retí ẹnikẹ́ni, ìkòkò wọn sì ti ṣófo láti àárọ̀. Àwẹ̀ró kọjá láàárín èrò. Ó sọ orù rẹ̀ kalẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi igbá sí i lọ́wọ́ dípò rẹ̀.

"Gbà, àbúrò mi," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìwọ ni kí o fún un mu."

Obìnrin náà bu omi. Oyèékàn gbà á, ó sì mu ún tán. Òjìji rẹ̀ kò tíì kó sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ògúnṣínà." Ó fẹ́ ṣàlàyé. Ó fẹ́ sọ bí òun kò ti sùn láti ọjọ́ mélòó kan, bí òun ti fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n jọ ń jẹ iṣu.

Ògúnṣínà gbé ọwọ́ lé èjìká tó ń ro ó náà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà tí wọ́n jọ là, bí ó ti rékọjá odò, bí ó ti gòkè lọ níwájú ilé tirẹ̀ láìyà síbẹ̀.

"Má wulẹ̀ ṣàlàyé," ni ó wí. "Èmi pẹ̀lú gbogbo ìlú, ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tó gbà wàyí, Oyèékàn. O kò ṣìnà."

Àwọn àgbà ìlú wo ọ̀nà méjèèjì. Wọ́n wo èyí tó parí sẹ́yìn ọgbà, wọ́n sì wo èyí tó la odò kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń di ẹrù. Oyèékàn ni wọ́n fi jẹ Baálẹ̀. Ní ọjọ́ tí Mákànjúọlá jẹ Ọ̀tún, Ògúnṣínà fúnra rẹ̀ ló ru àpótí bàbá rẹ̀ lọ fún un pé kí ó máa jókòó lé e, Àwẹ̀ró sì fi epo nù ún kẹ́yìn kí ó tó kúrò nílé. Orù omi náà kò padà wálé. Ìyàwó Mákànjúọlá kò gbà kí a dá a padà, ó ní bí òùngbẹ bá ń gbẹ Ìyá, kí Ìyá máa bọ̀ wá mu ún. Ìyá ni ó ń pè é, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, títí gbogbo Òkè-Odò fi ń pe Àwẹ̀ró ní Ìyá.

Ògúnṣínà pẹ́ láyé. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ Òkè-Odò ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fárí bí ọmọ ti í fárí fún bàbá. Ní ọjọ́ ìjẹṣu, wọ́n pe orúkọ àwọn Ọ̀tún láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n pe ti bàbá rẹ̀, wọ́n pe ti Mákànjúọlá, wọn kò pe tirẹ̀, nítorí èèwọ̀ kò mọ ẹni rere. Àwẹ̀ró jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó ti ń padà lọ sílé, ó gbọ́ tí ìyá kan ń rẹ ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún nítorí ìrètí rẹ̀ tó já sófo, ọ̀rọ̀ tí Ògúnṣínà sọ ni ìyá náà sì ń sọ fún un. Ó tún gbọ́ ọ lọ́jà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń pe orúkọ àwọn Ọ̀tún ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ Ògúnṣínà, ojoojúmọ́ ni, kò sì dúró sí ìlú náà nìkan. Ẹnu rẹ̀ la ti gbà á tí àgbà fi ń wí títí dòní, nígbà tí ohun tí gbogbo ayé ń retí bá gba ibòmíràn lọ, pé ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.